Ọwọ́ Tí Yóò Wẹ Ọmọ Rẹ

Ummulkulthum ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí oyún inú rẹ. Ọlọ́hun yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ohun tó bàjẹ́ nìyí: ọwọ́ ọ̀tún mi kò gòkè kọjá àyà mọ́ láti ọjọ́ tí mo gbé aṣọ tútù jáde nínú ìkòkò aró ní Ìtòkú. Àfúsá àbúrò mi mọ̀. Usamah ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀. Àwọn méjèèjì sọ fún ọ, ìwọ náà yára lọ bẹ ìyá ọkọ rẹ pé kó wá máa wẹ ọmọ tuntun. Èmi tí mo ni ọwọ́ ni mo gbọ́ kẹ́yìn!

N kò jókòó sunkún. Mo lọ bá Tolúlàṣẹ, dókítà físíò tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ó ní òun yóò fi síkáànù ya fọ́tò èjìká mi, irú èyí tí wọ́n fi wo oyún rẹ. Mo wọ léèsì, Àfúsá wé gèlè fún mi, dókítà tún ní kí n bọ́ apá kan. Ojú mi ò tiẹ̀ sí nínú fọ́tò náà, mo ní kó kọ orúkọ mi sí i kí wọ́n má baà gbé èjìká mi fún ẹlòmíràn.

Bó ṣe ń fi irin síkáànù náà ra mí léjìká, mo rí ibi dúdú kan nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ogójì ọdún ni mo ti ń rẹ aṣọ láró, mo ní aró ti wọ inú egungun mi nìyẹn, kó sọ iye omi tí yóò ṣan án kúrò. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní Màmá, kì í ṣe aró, iṣan ló ya díẹ̀, kò já, ẹ ò nílò iṣẹ́ abẹ. Ó ní kí n rọra gbé ọwọ́ kí n máa wò ó. Mo rí iṣan mi tó ń lọ tó ń bọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fà nínú omi!

Ó fún mi ní fọ́tò náà àti rọ́bà tí n ó máa fà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀ wa n'Íjẹmọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mẹ́kà, iwájú rẹ̀ ni mo ti ń fa rọ́bà láràárọ̀, kí èjìká inú rẹ̀ lè máa rí bí a ṣe ń ṣe é. Usamah ní fọ́tò kì í kọ́ṣẹ́. Àmọ́ lánàá, ọwọ́ mi kan gèlè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù fún rọ́bà, mẹ́jọ ló kù fún oyún rẹ. Kí ìyá ọkọ rẹ wá jẹun ìkómọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́hun a ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Fi owó ọkọ̀ mi ránṣẹ́, kí o sì pè mí kó tó di ìrun Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé èmi ni n ó wẹ ọmọ náà.

Ìyá rẹ,
Àlímátù