Ọwọ́ Mi Ń Sọ Faransé

Ojúlé kẹsàn-án,
Òpópónà Ọjà,
Ayétòrò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Eyínfúnjowó, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfojúrínra. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí ẹ ṣì ń gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn lójoojúmọ́? Baálé yín náà ńkọ́? Àlàáfíà ni a wà níbí o, ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí débi pé bí mo bá jí láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé n kò tíì sùn.

Ẹ má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bírò ni mo fi kọ ọ́, nítorí láptọ́ọ̀pù tí ẹ̀gbọ́n yín Lukman rà fún mi ti dákẹ́. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ẹ mọ láptọ́ọ̀pù náà dáadáa. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ gbé e láti Kútọnu gba Ìjọun wọlé, tí ẹ fi aṣọ ìbora dì í bí ọmọ tuntun.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe òjòjò. Bátìrì rẹ̀ kú, mo ní kò burú, a ó máa lò ó lórí iná. Ọrùn rẹ̀ kán, mo fi ìwé gbé ojú rẹ̀ ró láti ẹ̀yìn. Lóṣù tó kọjá ni òrùlé jò sí i. Àwọn bọ́tìnì kan kò dáhùn mọ́, M sì yọ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ń tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá fún gbogbo kíláàsì nílé ìwé wa, ìdánwò sì ti dé tán.

Suliat ọmọ yín ń pariwo láti Abẹ́òkúta pé kí n gbàgbé ògbólógbòó yẹn, kí n ra tuntun, òun á dá sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Mo gbé e lọ bá Ridwanullah tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọgbà yunifásítì. Ó tú u wò, ó mi orí. Ó ní òun lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ òun. Ti Faransé bíi tèmi, àfi lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ yín. Ló bá gbé tuntun kan kalẹ̀ tó ń dán gbinrin, ó ní kí n tẹ nǹkan sí i wò.

Ẹ ó rántí pé ẹ̀gbọ́n yín ló kọ́ mi ní títẹ̀, orí èyí tí ẹ gbé wá náà ni mo sì ti mọ̀ ọ́n. N kì í wo bọ́tìnì. Orúkọ tí mo fi ń ṣí ti àtijọ́ láràárọ̀ ni ọwọ́ mi lọ bá fúnra rẹ̀, mo tẹ Lukman. Ohun tó jáde ni Luk;qn.

Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀. Luk;qn. Inú bí mi. Mo bi í léèrè bóyá ọjà tó ti bàjẹ́ ló fẹ́ tà fún opó. Ridwanullah wo ọwọ́ mi títí, ó wá rẹ́rìn-ín.

“Màmá,” ó ní, “Faransé ni ọwọ́ yín ń sọ. Ibi tí wọ́n fi M àti A sí lọ́dọ̀ tiwọn kọ́ ni àwa fi wọ́n sí.”

Ó ní òun lè yí tuntun náà padà kó máa ṣe bíi ti Faransé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ojú bá rí lórí bọ́tìnì kọ́ ni yóò máa jáde. N kò gbọ́ ọ parí. Omijé ti lé ròrò sí mi lójú. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti lọ, n kò mọ̀ pé ohun tó kọ́ mi ṣì wà nínú ìka mi báyìí. Ẹ rántí bó ṣe máa ń sọ pé àwọn Faransé kò mọ̀ pé Yorùbá làwọn ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi àmì sórí é, è, à àti ù sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àmì yòókù, bírò ni mo fi ń fi wọ́n sí i.

Àtúnṣe ni màá ṣe. Suliat á bínú, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wa ti gbà kí n fi ọwọ́ kọ ìbéèrè tọdún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ ń dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá kíbọ́ọ̀dù Faransé lọ́jà Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, kí ẹ fi rán Bàrúwà, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó fi wé e, mo fi bọ́tìnì M náà sínú àpòòwé. Ẹ ó rí i pé pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn tó lò ó kó tó dọ́wọ́ wa ti tẹ̀ ẹ́ títí tí M fi pa rẹ́, ẹ̀gbọ́n yín ló jí ọ̀dà èékánná mi tó fi kọ òmíràn sí i.

Ẹ bá mi kí baálé yín àti àwọn ọmọ. Ẹ kí Ìyá Àṣíáwù, alájọgbé yín, ẹ ní mo gbádùn gàrí tó fi ránṣẹ́.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí kíbọ́ọ̀dù, ẹ dá M padà fún mi. Ó wà nínú orúkọ ẹ̀gbọ́n yín, ó sì wà nínú tèmi.

Èmi ni, ìyàwó ilé yín,
Rẹ̀mílẹ́kún.