Èmi Ni Mo Dà Á Nù, Kì Í Ṣe Ẹ̀yin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́fun mi. Mo purọ́ mọ́ yín. Lẹ́yìn tí ẹ kú, mo sọ fún Màmá Àdùkẹ́ ti Àgbowó pé ẹ̀yin lẹ da rédíò ọkọ wọn tí wọ́n gbé wá fún yín láti tún ṣe nù. Èmi ni mo dà á nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó tún sá fún un. Oṣù kejì tí a sin yín, onílé ní òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù yín ní Ring Road. Mo gba àyè ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, mo lọ palẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: agolo mílíìkì tó kún fún nọ́ọ̀tì, wáyà tó lọ́ mọ́ra bí irun tí a kò yà, òkú rédíò lábẹ́ tábìlì, òkú rédíò lórí pẹpẹ. Mo rántí pé láti kékeré ni mo ti ń rí i, rédíò tó bá ti kú, ẹ máa ń yọ àwọn bọ́tìnì tí a fi ń yí i, kí ẹ lè lò ó fún òmíràn. Ohun tí mo fi ṣe àmì nìyẹn. Gbogbo èyí tí kò ní bọ́tìnì ni mo kó fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri tí wọ́n ń kó irin kọndẹ́ẹ̀mù.

Ọjọ́ kejì ni mo ṣí dúrọ́ọ̀ yín. Mo bá ọ̀rá kékeré kan níbẹ̀, bọ́tìnì mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ẹ sì ti fi bírò kọ orúkọ Ìyá Àdùkẹ́ sí pépà tí ẹ so mọ́ ọn. Ìgbà náà ló tó yé mi pé ẹ ò lè fa inú rédíò jáde láìkọ́kọ́ yọ bọ́tìnì rẹ̀. Èyí tó kú kò ní bọ́tìnì, èyí tí ẹ ń tún ṣe lọ́wọ́ náà kò ní. Èmi ọmọ atún-rédíò-ṣe, n kò mọ̀. Mo wá àwọn ọlọ́mọlanke náà títí dé Challenge, n kò rí wọn. Nígbà tí mo padà, mo da àwọn bọ́tìnì náà sí gọ́tà. Kí ni mo rò pé mò ń ṣe, Bàbá?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màmá Àdùkẹ́ dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo pẹpẹ tó ti ṣófo. Mo ní rédíò yẹn kò ṣeé tún ṣe mọ́, pé ẹ ti dà á nù kí ẹ tó lọ.

“Bàbá rẹ? Bàbá rẹ tí kì í da ìdajì nọ́ọ̀tì nù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa. Ọkọ mi lọ, rédíò rẹ̀ lọ, ẹni tó ń tún un ṣe náà lọ. Ó kù kí n máa gbọ́ ìròyìn lẹ́nu àwọn aládùúgbò.”

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àṣé Màmá ń gbé e kiri. Mo jókòó lẹ́yìn wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún obìnrin kan pé, “Bí o bá gbé nǹkan fún oníṣẹ́, máa yọjú sí i dáadáa o. Bàbá atún-rédíò-ṣe yẹn, èèyàn gidi ni, síbẹ̀ ó da tèmi nù.” Mo tẹjú mọ́ bàtà mi títí ìsìn fi parí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi nọ́ọ̀tì há ètè kí ọ̀kan má baà sọnù.

Níbi iṣẹ́ wa, nǹkan kì í tètè kú. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Àfi kí èèyàn mẹ́ta fọwọ́ sí ìwé pé ó ti di kọndẹ́ẹ̀mù kí a tó lè gbé e jùnù. Bí mo bá fi taipuráítà tẹ lẹ́tà, tí mo fi rọ́bà pa àṣìṣe rẹ́ lójú ewé àkọ́kọ́, ó ṣì wà lára àwọn ẹ̀dà tó wà lábẹ́ kábọ̀n, ibẹ̀ ni yóò sì wà nínú fáìlì.

Wọ́n wá gbé kọ̀ǹpútà dé lọ́dún yìí. Ẹ ò bá a láyé. Ká ní ẹ bá a ni, ẹ ì bá ti tú ìdí rẹ̀ wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ nǹkan kan, iṣẹ́ ọjọ́ méjì sì pòórá lójú mi. Fọlákẹ́ ọ́fíìsì wa, tó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà wá ní Èkó, fa àga tì mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sunkún. Ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ yọ kúrò nínú ìwé orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Òun fúnra rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, àfi bí ẹ bá kọ nǹkan mìíràn lé e lórí.”

“Ṣé bó ṣe ń da nǹkan nù nìyẹn?”

“Kì í dà á nù. Ó kàn ń dibọ́n ni.”

Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà béèrè lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa, a fún un, gbogbo rẹ̀ sì padà wá.

Ilé-ìwé girama nìkan ni mo lọ, ó lè jẹ́ pé mò ń fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn. Lọ́dọ̀ yín, ohun tí ẹ bá dà nù, ara òmíràn ló ń lọ. Mo ti gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rédíò kan tí sípíkà rẹ̀ jẹ́ ti òkú rédíò. Rédíò Màmá kò lè padà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ́ ọ di ìkòkò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe rédíò nìkan ni mo dà nù. Orúkọ yín ni mo yọ láàárín àwọn olóòótọ́. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ṣì wà níbi tí ẹ wà? Tàbí Màmá ti kọ nǹkan mìíràn lé yín lórí láti ọdún mẹ́ta yìí?

Àdùkẹ́ ń bọ̀ wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Kàdúná lópin oṣù. Bí wọ́n bá gbé irọ́ yìí lọ, ta ni yóò bá mi gbà á padà?

Ọ̀la ni Sátidé. Tí mo bá ti fọ aṣọ tán, rárá, kí n tó fọ aṣọ, n ó wọ mọ́tò lọ sí Àgbowó. N kò ní ra rédíò tuntun dání, kó má baà dà bí ẹni pé mo fẹ́ fi dí wọn lẹ́nu. N ó kúnlẹ̀, n ó sọ pé ẹ̀yin kọ́, èmi ni. Lẹ́yìn náà, n ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ka orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n ti sọ ọ́ fún, n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó sún mọ́ tiwọn jù.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
ẹni tí ẹ máa ń pè ní Oníwàdùwàdù.