Má Fi Ìwé Kejì Dáná

Morádéyọ̀ ọmọ mi, a dúpẹ́ pé a jí ire. Ìdí ààrò ni mo ti bá ìwé kejì nínú ìtàn iwin oníwèé mẹ́ta tí o ń kọ. Mo gbọ́ ohun tí Bùrọ̀dá Dayọ̀ sọ lánàá: "Ti àárín yìí ló burú jù. Ọdẹ kàn jókòó sínú igbó ni." Mo kà á ní ìdájí. Lóòótọ́, ìtàn náà falẹ̀ níbi odò. Ṣùgbọ́n rántí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta wa: lọ́jọ́ kìíní, ìtara ló ń gbé wa, lọ́jọ́ kẹta, a ti ń gbóòórùn oúnjẹ ìṣínu. Lọ́jọ́ kejì, ìgbàgbọ́ nìkan ló kù. Mo ti mú un lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ní Yemetu, kí n kà á fún Dayọ̀ níbi tó ti ń dúró de ìyàwó rẹ̀ tó ń rọbí. Ẹ̀kọ wà lábẹ́ igbá. Olúwa yóò fún ọ ní sùúrù tí ìwé kẹta ń fẹ́.

Ìyá rẹ