Òkúta Tí Mo Jẹ́rìí Lé Lórí Ti Padà

Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ka page yìí... Ìrora tí mo dúró níwájú ìjọ sọ pé Ọlọ́run ti mú lọ ti padà dé, ọkọ mi nìkan ló sì mọ̀.

Tíṣà ni mí n'Inísà. Lọ́dún tó kọjá, mò ń kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù ni nǹkan gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, ó sáré gba abẹ́ ikùn... mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, mo ń bì. Mo ti bímọ rí, ẹ gbà mí gbọ́, ìrọbí ò tó o. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé mi dé ọsibítù n'Ìkìrun. Wọ́n ṣe scan, dókítà ní òkúta kékeré ló ti inú kíndìnrín já bọ́ sí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà. Mo ní ṣé nǹkan kékeré ló ń ṣe mí báyìí? Ó ní, "Madam, ọ̀nà yẹn tín-ín-rín gan-an ni, bó ṣe ń fipá kọjá ló ń dùn yín." Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n máa mu omi dáadáa, kí n dín iyọ̀ kù. Òkúta náà jáde lóòótọ́, kò ju hóró gàárì lọ... Ṣùgbọ́n dókítà ò fi pamọ́ fún mi, ó ní ẹni tó bá ti ní in rí lè tún ní in.

Ọkọ mi ni olórí àwọn usher ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ìkìrun. Ó ní kí n lọ jẹ́rìí. Mo ní màá mẹ́nu ba dókítà àti omi tí mo mu, ó ní rárá, pé ìyẹn á bu ògo Ọlọ́run kù. Ni mo bá fi sílẹ̀. Ìjọ pariwo, wọ́n jó! Mi ò mọ̀ pé àǹtí kan wà níjòókòó, aránṣọ ni wọ́n, Òkukù ni wọ́n ti ń wá. Òkúta tiwọn tóbi, dókítà ti ní kí wọ́n wá fún iṣẹ́ abẹ l'Óṣogbo. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ẹ̀rí mi báyìí, wọ́n sọ fún ọkọ wọn pé àwọn ò lọ mọ́.

Ní báyìí, tèmi ti tún bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé wa ò ní toilet tó ṣeé wọ̀, inú igbó ẹ̀yìn kíláàsì la ń lọ, àwọn ọmọ á sì máa yọjú. Tí mo bá mu omi tí dókítà wí, níbo ni kí n ti máa tọ̀? Mo kàn ń fara da òùngbẹ ní gbogbo ọ̀sán. Mi ò lè padà sí ọsibítù, ọmọ ìjọ wa ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Oògùn ìrora ni mò ń gbé mì, bẹ́ẹ̀ dókítà ti kìlọ̀ pé ìlòkulò rẹ̀ á ba kíndìnrín jẹ́. Ọkọ mi bá mi ní bálùwẹ̀ níbi tí mo ká kò sí. Ó dì mí mú, ó sunkún, ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni. Àmọ́ nígbà tó rọ̀ díẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Wọ́n á ní irọ́ la pa."

Sunday tó kọjá, àǹtí yìí wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ara wọn gbóná, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ní ìtọ̀ ò fẹ́ jáde mọ́. "Àbúrò mi, gbàdúrà fún mi, ìwọ ni Ọlọ́run fi hàn mí." Mo fẹ́ sọ ọ́... ọkọ mi dúró tì mí. Mo gbọ́wọ́ lé wọn lẹ́yìn, ibi tó ń dùn wọ́n gan-an ló ń dun èmi náà, mo gbàdúrà, wọ́n ń ṣe àmín.

Láti ìgbà yẹn, mo pè wọ́n, pè wọ́n, wọn ò gbé fóònù. Ọkọ mi ní kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Tí mo bá lọ sí Òkukù, kí ni kí n wí lójú ọkọ wọn? Ṣé kò ti pẹ́ jù báyìí? Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?