Wáìnì Tó Ṣì Ń Hó Nínú Ìgò

                                        Fúláàtì Kẹjọ, Ilé Linden,
                                        Hyattsville, Maryland,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        27 Oṣù Keje, 2008.

Mùlíkàt, ọ̀rẹ́ mi tó ju iyèkan lọ,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ Mọ́ṣúdù ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fẹ́ rọlẹ̀. Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n má tíì máa sáré gun àtẹ̀gùn o. Ṣé òjò ṣì ń rọ̀ n'Íbàdàn? Oòrùn ló ń pa wá níbí. Oyèwálé ọkọ mi wà dáadáa, Tolúwalọpẹ́ náà sì ti ga débi pé ó fẹ́ bá mi léjìká. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí ohùn mi ń gbọ̀n, káàdì fóònù sì tán kí n tó dá ọ lóhùn. Ó dára bó ṣe tán yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí mo lè sọ nígbà yẹn láìsunkún.

O mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù wáìnì Anna ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí ni Anna, obìnrin tó lawọ́, àmọ́ tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohun tó fi làágùn kọ́. Lóṣooṣù, èmi àti òun la jọ máa ń ṣa oríṣi wáìnì mẹ́ta fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, wáìnì àdánidá nìkan là ń ṣà: èyí tí àgbẹ̀ kò fín oògùn sí àjàrà rẹ̀, tí wọn kò sì po nǹkan kan mọ́ ọn kó má bàa bàjẹ́. Ìwọ tí o kì í fẹnu kan ọtí, ṣáà rántí ẹmu tí adẹ́mu máa ń gbé wá fún bàbá mi láàárọ̀. Ṣé o rántí bó ṣe máa ń hó yààà, tí wọn kì í sì í dé e pa? Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta ti oṣù yìí ṣe rí nìyẹn. Ó ṣì ń hó lọ́wọ́ ni wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò, tí wọ́n fi irin dé e lórí bíi bíà. Bó bá wà níbi tó tutù, adùn ni. Èmi àti Anna tọ́ ọ wò, a sì jọ gbà pé kò sí irú rẹ̀ fún ìgbà ooru.

Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, díẹ̀ ló wá, nítorí ọ̀pọ̀ ti rìnrìn àjò. Bàbá Gbọ́láhàn Ọládẹ̀jọ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, wọ́dìn ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, Upper Marlboro ni wọ́n ń gbé. Èmi ni mo fà wọ́n wọ ẹgbẹ́ wáìnì yìí. Wọ́n ní àwọn máa fún Kánọ́nù, àlùfáà wa, ní ìgò mẹ́ta nínú èyí tó ń hó, torí náà kí n bá àwọn gbé e sí bùútù ọkọ̀ àwọn, ibẹ̀ ni á wà títí àwọn á fi lọ sọ́dọ̀ Kánọ́nù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo gbé e sí bùútù. N kò tilẹ̀ ro nǹkan kan.

A kì í ṣí ní Sọ́ńdè. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Mọ́ńdè, ooru gbá mi lójú bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò. Ẹ̀rọ amúlétutù ti kú. Àfọ́kù ìgò kún ilẹ̀, wáìnì ń kán láti òkè àjà. Mo dúró, mo ń wòye, ni òmíràn bá tún bú gbàù! Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Anna dé, ó pe àwọn tó kó wáìnì náà wọ̀lú. Wọ́n ní ṣúgà tó kù nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ibikíbi tí ooru bá ti bá a, ó lè bú. Anna sọ fóònù kalẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ó ní, "Àwọn tó ti gbé tiwọn, inú ilé tó tutù ló wà. Má pe ẹnikẹ́ni. Jẹ́ ká dúró títí àwọn tó kó o wọ̀lú á fi kọ̀wé sí wa."

Mo ní, "Ẹni tó bá gbàgbé tiẹ̀ sínú ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló ń fi wáìnì sínú ọkọ̀ lóṣù Keje?"

Mo rántí bùútù Bàbá. Mo gbé fóònù. Anna gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "Àrínọlá, bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé à ń ta ohun tó ń bú, ìwọ lo ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa o." Mo rọra mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo tẹ nọ́ńbà.

Fóònù Bàbá dún títí, wọn kò gbé e. Mo pe ilé wọn, Màmá, ìyàwó wọn, ló dáhùn. Wọ́n ní, "Wáìnì kẹ̀? Ó ṣì wà nínú ọkọ̀. Bàbá ti lọ mú Zoe wá láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lúwẹ̀ẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Zoe ni ọmọ ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń lo ìsinmi. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí bùútù. Mo pe àwọn yòókù, mo kìlọ̀ fún wọn, mo sì jáde. Anna kò bi mí ibi tí mò ń lọ.

Mùlíkàt, mi ò lè sọ fún ọ bí mo ṣe wakọ̀ ọjọ́ náà. Ooru ń gbọ̀n lórí títì bí omi. Gbogbo ọkọ̀ tí mo bá rí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo máa ń wò ó bóyá ti Bàbá ni.

Mo dé ilé wọn, mo bá Màmá níta, wọ́n káwọ́ lérí. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọkọ̀ Bàbá yà wọlé. Mo gbé ọwọ́ sókè, wọ́n rò pé mò ń kí wọn ni. Wọ́n tẹ bùútù láti inú ọkọ̀, ó ṣí. Kí n tó ṣí ẹnu, Zoe ti fò jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sínú bùútù. Nígbà tó máa nàró, ó ti gbá ìgò kan mọ́ àyà bí ọmọláńgidi.

Igbe dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Bí mo bá pariwo, ó lè jù ú sílẹ̀.

Mo fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára. Ìgò yẹn lè bú." Bàbá tó ń jáde nínú ọkọ̀ dúró gbagidi. Mo kúnlẹ̀ lórí koríko, mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ sọ fún ọmọ náà pé kó rọra gbé ìgò náà kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Zoe wò mí, ó wo bàbá àgbà rẹ̀. Ẹkún ti ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó ní, "Grandpa, ṣé mo ṣẹ̀ ni?"

Bàbá ní, "Rárá o, ìyàwó mi. Gbé e sílẹ̀, kí o máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Ohùn wọn kò gbọ̀n rárá.

Ó gbé e kalẹ̀. Ìgò náà ṣubú, ó yí. Ọmọ náà, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, tún fẹ́ padà lọ gbé e nàró! Bàbá fò, wọ́n gbá a mú, gbogbo wa sì sá lọ sẹ́yìn ògiri gáréèjì. A kò tíì mí tán nígbà tí àwọn tó kù nínú bùútù dún: gbàù, gbàù! Nígbà tó pẹ́ tí a lọ wò ó, àfọ́kù ìgò kan gún rọ́bà ẹnu bùútù, níbi tí ojú ọmọ náà wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń yẹ ìka Zoe wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o wá?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n wá, sà."

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

Mo lọ yọ àfọ́kù ìgò tó gún rọ́bà náà. Wọ́n mi orí. "Ọ̀rọ̀ kò tíì tán láàárín wa, Àrínọlá. Ṣùgbọ́n wọlé, mu omi."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá Anna níbi tó ti ń gbálẹ̀. Mo gbé àfọ́kù ìgò náà lé e lọ́wọ́, mo sọ ibi tí mo ti yọ ọ́ àti bí ọmọ náà ṣe ga tó. Ó jókòó lórí páálí, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù, ó tún pe gbogbo àwọn tí mo ti pè, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù òun ló ta á, kí wọ́n má bínú. Àwọn kan ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní àná Sátidé, Bàbá wá. Wọ́n ní kí n yọ èyí tó ń hó kúrò nínú tiwọn títí láé, àmọ́ kí n má yọ orúkọ wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ra ọtí lọ́wọ́ ẹni tó lè sáré tọ ènìyàn wá. Anna gbọ́ ọ, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. À ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì bá mi rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. N kò sì mọ̀ bóyá yóò tún bá mi rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán lónìí, Oyèwálé ṣí ìgò mọ́ọ̀tì, ó dún pò. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fa Tolúwalọpẹ́ sábẹ́ tábìlì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò kúrò lẹ́yìn ọrùn ọmọ mi títí a fi jẹun tán.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi, ó dìgbà.

Èmi tí kì í gbàgbé rẹ,

Àrínọlá