Ẹ̀jẹ̀ Dennis La Ń Lò Báyìí

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ooru Ìpọ̀nrí ti dínkù? Òtútù ibí ò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ara mi le koko.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń sẹ́ ògì, tí eèrí á kù sínú aṣọ? Bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe fún ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni asẹ́ tiwa, a ò sì ní fọwọ́ fún un. Iná mànàmáná díẹ̀ ló máa fa oògùn inú ẹ̀jẹ̀ gba inú awọ náà bọ́ sínú omi, ká lè wọ̀n ọ́n. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́ ẹ máa ń lò yẹn gan-an là ń wọ̀n.

Ká tó kan tàwọn aláìsàn, a máa ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kì í lo oògùn náà rárá dán an wò. Tèmi ni wọ́n ń fà tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ti Dennis tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Mo ní kóun náà wá ṣe tiẹ̀, la bá rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀ẹ́ yọ̀ fún mi o, mo ti dín iyọ̀ ọbẹ̀ mi kù!

Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́runfúnmi àtàwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má gbàgbé oògùn yín láàárọ̀ o, Mọ́mì. Tí mo bá ti fẹ́ gbé tèmi mì, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí.

Ọmọ yín,
Fẹ́yìsayọ̀