Bàbá Máńgòrò Tó Dùn Jù

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ẹ mọ̀ pé ìran máńgòrò tuntun là ń wá níbi iṣẹ́ wa. A ti rí ọ̀kan báyìí tó dùn bí oyin. A mọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ bàbá rẹ̀, torí eṣinṣin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kiri, kì í sì í sọ ibi tó ti ń bọ̀. Gbogbo wa ń kí igi ńlá ẹnu géètì kú oríire ọmọ. Ni mo bá já ewé gbogbo igi máńgòrò ọgbà wa, mo kó o sínú ẹ̀rọ tó ń fi òbí hàn. Igi hẹ́gẹhẹ̀gẹ ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́, tí wọ́n ti fẹ́ gé, ló ni ọmọ.

Ọ̀gá mi ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

Mo ní, “Mo tún un yẹ̀ wò, ọ̀gá.”

Ó ní kí wọ́n gbé ayùn kúrò níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ bomi rin ín. A rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ béèrè ọkọ mi. Àlàáfíà ló wà níbi tó kó lọ, mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe wù mí. Ẹ má ronú.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní kí àbúrò mi obìnrin wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, kó sì pẹ́ díẹ̀. Àyè wà.

Èmi àkọ́bí yín.